Bá a ṣe fi ṣéènì búlọ́ọ̀kù sọ ẹ́ńjìnnì Mack kalẹ̀

Tipá Mack kan ni wọ́n gbé wá sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù wa, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, àfi ká sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà yìí ò jìnnà sí 1,000 kílò, gíà bọ́ọ̀sì ò tíì sí nínú ẹ̀ o, ìyẹn la ṣe kọ́kọ́ yọ gíà bọ́ọ̀sì lọ́tọ̀.

Ṣéènì búlọ́ọ̀kù tọ́ọ̀nù 3 la lò, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń fọwọ́ fa ṣéènì ẹ̀ láti fi gbé ẹrù tó wúwo. Kí n tó gbé e kọ́, mo fa ṣéènì ẹ̀ sílẹ̀ pátá, mo fi àkísà nù ún, mo wá ń fọwọ́ tọ ọ̀rùka ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí èyí tó bá ti fà tàbí tó ti jẹ tàbí tí wẹ́dà ti jó pọ̀ rí, kò gbọdọ̀ gbé nǹkan kan mọ́. Ẹ wo ẹnu họ́ọ̀kù náà, tó bá ti là ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ẹrù tó jù ú lọ ló ti gbé rí. Irin kékeré tó ń pa ẹnu họ́ọ̀kù dé yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ti já a sọnù, wọ́n ní ó ń dí àwọn lọ́wọ́, èmi ò fara mọ́ ọn rárá, torí tí ṣéènì bá dẹ̀ pẹ́rẹ́, òun ni kì í jẹ́ kó yọ.

Orí gántìrì onírin, ìyẹn òpó irin tí wọ́n fi irin dábùú lórí, la kọ́ ọ sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń kọ́ ọ sí ẹ̀ka igi máńgòrò, ẹ dákun ẹ jáwọ́, ẹ̀ka tó tutù yọ̀yọ̀ lè ti jẹrà nínú.

Ibi tó gba sùúrù jù ni síso ẹ́ńjìnnì. Ṣéènì ẹlẹ́sẹ̀ méjì la fi kọ́ ojú méjèèjì tí wọ́n dìídì ṣe sára ẹ̀ fún gbígbé. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá yà tí àárín wọn jẹ́ dígírì 60, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á máa ru bíi 577 kílò, torí wọ́n tún ń fa ara wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó bá wá yà dé 120, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á máa ru 1,000 gbáko, ẹ́ńjìnnì kan náà o! Ìdí tí mo fi wá ṣéènì tó gùn nìyẹn, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè sún mọ́ra.

Mo fà á títí ó fi le, mo dúró, a wò ó yíká, hóòsì díísù kan ṣì so lẹ́yìn, a tú u. Mo wá gbé e kúrò lórí síìtì tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé bí ìka mẹ́rin, mo fọwọ́ kúrò lára ṣéènì, mo ń wò ó. Tó bá ń rọra wálẹ̀ fúnra ẹ̀, búréèkì inú búlọ́ọ̀kù ti lọ nìyẹn, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. Tiwa dúró gbọin.

Bàbá tó ni tipá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sún sẹ́yìn, tó bá délẹ̀ tán ẹ máa rí i dáadáa.”

Nígbà tó ga tó, a ò ti ẹ́ńjìnnì, mọ́tò míì la fi rọra fa tipá náà sẹ́yìn kúrò lábẹ́ ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń tú búréèkì ẹ̀yìn Mack, tí ò bá sí afẹ́fẹ́ nínú táǹkì, á ti há, torí náà a ti fi bóòtì tú u kí ẹ́ńjìnnì tó gbéra, wẹ́ẹ̀jì ló di táyà mú títí dìgbà yẹn.

A sọ ọ́ sórí pákó, a ò yọ họ́ọ̀kù àfìgbà tí ṣéènì dẹ̀ pátá. Lẹ́yìn náà mo fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ṣéènì lára, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó kan búréèkì inú ẹ̀ o, gbígbẹ ló fi ń dì í mú.