Ọdún méjì tí mo fi ṣọ́ aláǹtakùn ẹ̀yìnkùlé wa, àti ohun tí àwọn oníkun-pẹ́ńtì fojú mi rí

Ó lé ní £400 tó bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí ẹyin aláǹtakùn, kì í sì í ṣe aláǹtakùn ló gbà á o, àwọn oníkun-pẹ́ńtì ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán nínú mi. Gbogbo ẹni tó rí fídíò àwọn ọmọ aláǹtakùn tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ lórí WhatsApp ẹbí wa ló ń bi mí pé báwo ni mo ṣe rí i yà, wọ́n rò pé mo kàn gbé fóònù síta láàárọ̀ ọjọ́ kan ni. Rárá o. Ojú mi rí nǹkan kí n tó rí fídíò yẹn.

Thamesmead là ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé tí à ń háyà ni, ẹ̀yìnkùlé wa ò tóbi, igi róòsì kan àti ilé pákó kékeré tí à ń kó ṣọ́bìrì àti kẹ̀kẹ́ ọmọ sí, ó tán. Oṣù Kẹjọ 2023 ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn, sáré wọlé pé "Mọ́mì, ẹ wá wò ó, aláǹtakùn kan gbé àgbélébùú sẹ́yìn!" Mo jáde, lóòótọ́ ni, àmì funfun tóótòòtó tò sẹ́yìn ẹ̀ bí àgbélébùú. Garden spider ni àwọn òyìnbó ibí ń pè é, orúkọ ẹ̀ nínú ìwé ni Araneus diadematus. Láti ọjọ́ yẹn ni èmi àti ọmọ mi ti ń jókòó tì í láràárọ̀.

Wíwò ó ò le. Àga, sùúrù, tọ́ọ̀ṣì bí ilẹ̀ bá ti ṣú, kẹ́ ẹ sì má fọwọ́ kan okùn ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá mí lù ú ó máa mi gbogbo ilé ẹ̀ jìgìjìgì. Àárín gbùngbùn ló máa ń wà, á dorí kodò. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́ ló ń ta òmíràn, á jẹ okùn àná padà sínú, á wá fi ta tuntun. Lọ́jọ́ tí agbọ́n kan kó sí i, kò bá a wọ̀yá ìjà rárá, ńṣe ló ń yí i po tó ń ta okùn mọ́ ọn títí agbọ́n ò fi lè mira mọ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré pé aláǹtakùn bí yóò bá ọ jà, a ta ká ọ lára, ọjọ́ yẹn ni mo tó fojú mi rí ohun tí àwọn àgbà rí kí wọ́n tó sọ ọ́.

Nínú Oṣù Kẹsàn-án, akọ dé. Ó kéré sí abo gan-an. Etí ilé yẹn ló dúró sí, ó ń fa okùn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna, á fà á, á sá sẹ́yìn, á tún fà á. Ọ̀kan rí ọ̀nà lọ. Èyí tó tẹ̀ lé e ò rí ọ̀nà lọ, abo jẹ ẹ́, ọmọ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí tó fi dé ilé ìwé.

Ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹwàá la ò rí i níbi tó máa ń wà mọ́. A wá a, a wá a, àfi ìgbà tí mo gbójú sókè lẹ́nu ọ̀nà ilé pákó, òun nìyẹn lábẹ́ àtẹ́rígbà, inú ẹ̀ ti fà wọlé, ó dùbúlẹ̀ lé nǹkan kan bí òwú aláwọ̀ ìyeyè, kò ju orí àtàǹpàkò mi lọ. Ẹyin ló wà nínú ẹ̀, ó lè lé ní 300 nínú òwú kan ṣoṣo. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Kò jẹun, kò ta okùn. Kí oṣù yẹn tó parí ó já bọ́, a bá a nílẹ̀, ó ti kú. Mi ò purọ́ fún yín, ó dùn mí.

Wíntà ò ní ìtàn. Òwú wà níbẹ̀, òtútù wà níbẹ̀. Ohun kan péré ni kẹ́ ẹ mọ̀: ẹ má gbé e wọlé torí pé àánú ẹ̀ ń ṣe yín. Bí hítà bá mú ẹyin yẹn gbóná wọ́n lè pa lóṣù Kìn-ín-ní, eṣinṣin wo ni wọ́n máa rí jẹ nígbà yẹn?

Ibi tó ti wá bàjẹ́ nìyí. Ìparí Oṣù Kejì 2024, ájẹ́ńtì ilé kọ ímeèlì pé wọ́n máa kun gbogbo pákó ìta, fèrèsé, géètì, àti ilé pákó. Mo fèsì lójú ẹsẹ̀ pé ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kùn, àmọ́ ẹ bá mi fi àtẹ́rígbà ilé pákó sílẹ̀ di Oṣù Kẹfà, ẹyin aláǹtakùn wà níbẹ̀. Mo fi fọ́tò há a. Ọmọ mi gan-an ní kí n fi kún un pé irú aláǹtakùn yìí ni Amẹ́ríkà gbé lọ sí òfuurufú ní 1973, nínú Skylab, ibùdó ìwádìí wọn lófuurufú, méjì ni wọ́n, Arabella àti Anita, wọ́n sì ta okùn lókè lọ́hùn-ún. Mo fi kún un. Ẹni tó dáhùn kàn kọ ọ́ pé òun ti gbọ́, kí n wà nílé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀ kí n fi ibẹ̀ han òṣìṣẹ́ fúnra mi.

Ó dáa. Wọ́n dá Tuesday kan fún mi nínú Oṣù Kẹta, láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, wákàtí méjìlá lójúmọ́, ọjọ́ tí mi ò bá lọ mi ò ní gbowó. Mo gbàyè, mo jókòó sílé. Aago mẹ́jọ, kò sẹ́nì kan. Aago méjìlá, mo pè wọ́n, wọ́n ní wọ́n ti wà lọ́nà. Aago mẹ́fà kọjá, wọn ò wá, wọn ò pè. Wọ́n tún dá ọjọ́ míì, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀, mo tún gbàyè, bákan náà ló rí, mo ṣáà ń yọjú lójú fèrèsé bí ẹni tó ń retí àlejò. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkùnrin kan wá lóòótọ́, ó lo ogún ìṣẹ́jú, ó fọwọ́ pa pákó, ó ní òjò máa rọ̀, pẹ́ńtì ò ní gbẹ, òun á padà wá. Mo mú un dé abẹ́ àtẹ́rígbà, mo nawọ́ sí òwú yẹn, mo ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan ibí yìí." Ó mi orí. Ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi ni o, Yorùbá la jọ sọ! Ọkàn mi balẹ̀. Mo tiẹ̀ fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà sí i, mo kọ ọ́ gàdàgbà pé kí wọ́n má kan án.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí mẹ́rìndínlógójì. Kò sẹ́ni tó san án padà fún mi títí dòní.

Wọ́n wá padà wá ní àárín Oṣù Kẹrin, lọ́jọ́ tí mo wà níbi iṣẹ́. Wọn ò sọ, wọn ò kọ ímeèlì. Kì í ṣe ọkùnrin ìjọ́sí ló wá, àwọn ẹlòmíì ni, géètì ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n gbà wọlé. Mo dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, òórùn pẹ́ńtì ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé. Àtẹ́rígbà ń dán. Wọ́n ti ha á mọ́ nini kí wọ́n tó kùn ún, bébà mi ti rún sínú àpò ìdọ̀tí. Orí gbóná mọ́ mi lọ́rùn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ló ní "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká wá a nínú àpò." Ó di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń sunkún, èmi ń tú ẹ̀há pákó àti eruku pẹ́ńtì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó máa tó wákàtí kan ká tó rí i. Òwú yẹn ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àmọ́ kò ya wọnú. Òwú aláǹtakùn le!

Mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ ara mi bà á jẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, torí kíṣìnì ni mo gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hítà, àfi ìgbà tí mo ta jí ní aago méjì òru tí mo rántí, mo wọ bàtà, mo gbé e jáde. Ìgò jáàmù ni mo fi sí, mo fi ìbọ̀sẹ̀ tínrín dí ẹnu ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé, mo so ó rọ̀ sínú ilé pákó níbi tí oòrùn ò ti ní pa á. Láàárọ̀ mo pe ájẹ́ńtì. Obìnrin tó gbé e sọ pé ṣé torí aláǹtakùn ni mo ṣe ń pariwo. Mo ní rárá mà, torí ọjọ́ mẹ́ta tẹ́ ẹ fi dá mi dúró sílé tẹ́ ẹ ò kun nǹkan kan ni, tẹ́ ẹ wá wá lọ́jọ́ tí mi ò sí nílé. Kò bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ká mi lára bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọ̀sẹ̀ kejì Oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí oòrùn mú, ọmọ mi figbe ta láti inú ilé pákó. Wọ́n ti jáde! Wọ́n pọ̀ lọ rẹpẹtẹ, wọ́n kéré ju orí píìnì lọ díẹ̀, wọ́n pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àmì dúdú kan ní ìdí, gbogbo wọn dì mọ́ra ní ojú kan ṣoṣo. Mo yọ ìbọ̀sẹ̀, mo so ìgò mọ́ igi róòsì, nígbà tó fi máa dọ̀la wọ́n ti kó ara wọn sáàárín ewé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ atẹ́gùn sí wọn díẹ̀, wọ́n á tú ká bí ọkà bàbà tí wọ́n fọ́n sílẹ̀, kó tó pẹ́ wọ́n á tún rọra kó ara wọn jọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun ṣóńṣó ewé lọ, wọ́n á gbé ìdí sókè, wọ́n á yọ okùn tí ojú ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, afẹ́fẹ́ á sì gbé wọn lọ. Fídíò tẹ́ ẹ rí nìyẹn. Èmi ni mo yà á, lórí ìkúnlẹ̀, èjìká mi ń dùn mí, mo sì ń yangàn ẹ̀ títí dòní.

Mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi n'Ìbàdàn. Wọ́n pè mí. "Aláǹtakùn kẹ̀? Ilé ahoro ni mo mọ̀ pé wọ́n ń ta sí." Wọ́n tún un wò, wọ́n wá bi mí pé ìyá wọn ńkọ́. Mo ní ó ti kú láti Oṣù Kẹwàá mà. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní "Kò wá rí wọn."

Nínú sọ́mà ọdún yẹn, mẹ́rin péré la rí nítòsí, ilé wọn ò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Wíntà dé, wọ́n wọ ibi tí wọ́n wọ̀. Níbi tó bá tutù bíi tibí, ọdún méjì ni wọ́n sábà máa fi ń dàgbà, nítorí náà ẹ má rò pé wọ́n ti kú bẹ́ ẹ ò bá rí wọn. Oṣù Kẹjọ 2025, ọ̀kan ta sáàárín róòsì àti géètì, àgbélébùú wà lẹ́yìn ẹ̀ gbàgàdà. Mi ò lè búra pé ọmọ inú ìgò mi ni, ṣùgbọ́n ọmọ mi ti búra.

Ohun tí ǹ bá ti ṣe ní 2024 ni pé kí n má dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ímeèlì ájẹ́ńtì dé ni ǹ bá ti fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ṣí òwú yẹn kúrò lára pákó, kí n gbé e sínú ìgò, kí n sì lọ síbi iṣẹ́ mi. Kò ní gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aláǹtakùn ti 2025 yẹn yé tiẹ̀ sábẹ́ fèrèsé kíṣìnì, ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè tó. Ìyá ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀ títí di alẹ́ àná, mi ò sì ní fọwọ́ kan nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀. Mo ti fọ ìgò, ó ti gbẹ, ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.