Òjò àti Iṣẹ́ Ọwọ́ Ọdún ní Ẹ̀pẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Lẹ́yìn ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń fẹ́ wọlé tààrà, ilé páànù kékeré kan wà tí mo ti ń rẹ aṣọ, tí mo ti ń kan àpótí, tí àwọn ọmọ àdúgbò sì ti ń wá fi èèpo àgbọn ṣe ohun tí wọn yóò fi ta àwọn òbí wọn lọ́rẹ. Láti ìgbà tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ mí mọ́ iṣẹ́ yìí ni ìbéèrè kò ti dáwọ́ dúró, bí ọdún bá sì ti ń sún mọ́lé ni ìbànújẹ́ inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí pé iṣẹ́ tí ẹni náà fi ìfẹ́ ṣe fún ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó bàjẹ́ nígbà tí ọjọ́ náà ku ọ̀la. Mo kó díẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè náà jọ síhìn-ín.

Ohun kan náà ni ó wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, omi sì ni. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ní ọdún 2023, ó bọ́ sí ọjọ́ 16 oṣù kan náà ní 2024, ó sì bọ́ sí ọjọ́ 6 ní 2025. Bẹ́ẹ̀ sì ni oṣù kẹfà ni òjò ń pọ̀ jù ní agbègbè Èkó. Kayokayo, ọdún tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ (àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tí ìran wọn ti Èkó wá) fi ń ṣe ìrántí bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe wá tẹ̀dó sí ìlú yìí lẹ́yìn tí wọ́n lé e kúrò ní Èkó ní 1851, ẹ̀yìn Iléyá ni òun náà ń wá. Nítorí náà, àwọn ọ̀sẹ̀ tí a fi ń múra ọdún méjèèjì ti bọ́ sí àsìkò tí ohunkóhun kì í tètè gbẹ.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. A ra aṣọ funfun fún gbogbo ẹbí, a sì rẹ ẹ́ ní aró fúnra wa kí a lè wọ̀ ọ́ ní Kayokayo. Nígbà tí a tú u, aró náà mú níbì kan, kò mú níbòmíràn, àwọn àmì tó-tò-tó tí a kò fi sí i sì wà lára rẹ̀. Ìyá ìyàwó mi wọ tiwọn, gbogbo ọrùn wọn sì di aláró. Níbo ni a ti ṣì í?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrójú, ẹ sì bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ìyá. Ẹ jẹ́ kí a ti ara aṣọ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa fọ́nrán òwú díẹ̀ yọ létí rẹ̀, kí ẹ fi iná sí i lórí àwo. Bí ó bá jó bí ìwé, tí ó sì di eérú tí ó ń fọ́ lábẹ́ ìka, òwú ni. Bí ó bá yọ́, tí ó di kóró dúdú líle, pọliẹ́sítà wà nínú rẹ̀, ẹ̀bi aró kọ́ nìyẹn, nítorí pé aró kì í mú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí ó bá jẹ́ òwú, ẹ tún bi ara yín bóyá ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó rẹ ẹ́. Aṣọ tuntun máa ń ní táàṣì lára láti ilé iṣẹ́, ibi tí táàṣì bá sì ṣì wà, aró kì í lè wọ ibẹ̀. Omi gbígbóná àti ọṣẹ ni a fi ń fọ̀ ọ́ kúrò, lẹ́yìn náà ni a ó ṣan án, tí a ó sì rì í sínú aró nígbà tí ó ṣì tutù, kí aró lè tàn ká a lọ́gbọọgba.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà gan-an ni ìkòkò aró. Aró tí ó ti ṣetán kì í ṣe búlúù nínú ìkòkò. Bí ẹ bá fi igi tú u wò, ẹ ó rí i pé omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ jọ ewé tí ó fẹ́ pọ́n, ojú rẹ̀ lókè yóò sì máa dán bí bàbà. Bí omi náà bá ṣì jẹ́ búlúù, kò tíì ṣetán, ara aṣọ lásán ni yóò sì lẹ̀ mọ́. Irú aró bẹ́ẹ̀ ni ó ń yọ sí ènìyàn lọ́rùn. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ aró di búlúù lẹ́yìn tí a bá fa aṣọ jáde. Títí di òní, mo máa ń dúró wò ó: aṣọ náà yóò jáde ní àwọ̀ ewé, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ni dúdú náà yóò máa rìn lọ sí àárín, kí ènìyàn tó ka Fátíhà bíi mélòó kan, aṣọ mìíràn ni ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Níbí ni òjò ti wọ ọ̀rọ̀ yín. Bí ìkùukùu bá ṣú, tí ẹ sì sáré ká aṣọ náà wọlé ní ìdì kan, afẹ́fẹ́ kò ní dé inú ìṣẹ́po rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì rẹ̀ dànù bí ẹ bá ṣan án. Àwọn àmì tó-tò-tó yẹn, ẹ̀kán omi ni. Ó lè má jẹ́ òjò gan-an, nítorí pé páànù máa ń làágùn lóru, omi náà yóò sì máa kán lọ́kọ̀ọ̀kan sórí aṣọ tí a sá sábẹ́ rẹ̀. Ó ba aṣọ mi jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé òkè wò. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ta tapólì sí abẹ́ páànù, ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí omi lè ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Aṣọ yín kò tíì bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ fi omi tútù ṣan án léraléra, kí ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì tún ṣan án títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́ kedere. Lẹ́yìn èyí, ẹ tún un rì sínú aró tí ó ṣetán dáadáa, ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ máa tẹ́ ẹ síta fún afẹ́fẹ́ láàárín ìgbà kan sí èkejì. Rírì í léraléra fún ìgbà díẹ̀ sàn ju kí a fi í sínú aró fún ìgbà pípẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ pátápátá kí ẹ tó fọ̀ ọ́ ní ìparí, kí ẹ sì fi ọtí kíkan díẹ̀ sínú omi ìkẹyìn, nítorí pé kọ́sítíìkì, ìyẹn sódà líle tí a ń pò mọ́ aró, lè bó ènìyàn lára bí ó bá kù lára aṣọ.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kọ́sítíìkì náà tẹnumọ́tẹnumọ́. Òun ni a ń bù sínú omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ da omi lé e lórí, nítorí pé yóò hó, yóò sì ta sí ojú. Ẹ má ṣe lo ìkòkò alumíníọ̀mù rárá, nítorí pé kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́. Ike tí ó nípọn ni ó dára. Ìyẹ̀fun funfun tí àwọn aláró ń pè ní háídírò gbọ́dọ̀ wà nínú ìgò gbígbẹ tí a dé pinpin, nítorí pé bí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀, ó lè gbóná títí yóò fi gbiná. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé jìnnà sí ibẹ̀. Wọ́n lè bá yín di ìko mọ́ aṣọ, iṣẹ́ yẹn sì dùn mọ́ wọn ju rírẹ aṣọ lọ.

Ìbéèrè: Ẹ̀kọ tí mo fi ìyẹ́ adìẹ ya sára aṣọ, kí aró má bàa wọ ibẹ̀, yọ́ sínú aró kí n tó rì í lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdáhùn: Yálà ẹ̀kọ náà kò gbẹ dénú, tàbí aró yín gbóná. Ẹ̀kọ lafún gbọ́dọ̀ gbẹ títí aṣọ yóò fi le bíi páálí, aró tútù ni a sì ń rì í sí, láì fún un rárá. Ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí ẹ̀kọ náà nígbà tí ẹ bá ń rò ó. Ṣùgbọ́n bí oòrùn kò bá ní yọ fún ọjọ́ méjì, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ sílẹ̀ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ sì ṣe àdìrẹ oníko. Ìko kò bìkítà fún òjò.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo kan àpótí ìjókòó fún bàbá wa nígbà tí wọ́n pé ọgọ́rin ọdún. Ní ọjọ́ ayẹyẹ náà, ó ń mì tìtì. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojú rẹ̀ là láti orí dé ìdí. Ojúlówó ìrókò ni mo rà, mo sì kàn án dáadáa pẹ̀lú ìṣó mẹ́jọ.

Ìdáhùn: Ìṣó mẹ́jọ yẹn ni ó là á, àbúrò mi. Igi a máa wú nígbà òjò, a sì máa sún kì nígbà ọyẹ́. Kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sún ní gígùn. Fífẹ̀ rẹ̀ ni ó ń dín kù. Pákó tí ẹ kàn mọ́lẹ̀ ṣinṣin ní etí méjèèjì fẹ́ sún, ìṣó kò jẹ́ kí ó sún, ó sì fi ara rẹ̀ ya. Bí ẹ bá tún un kàn, ẹ lu ihò gbọọrọ sára igi ìdábùú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi sukúrúù dè é láti ìsàlẹ̀, kí sukúrúù náà lè máa rìn díẹ̀ nínú ihò bí pákó bá ti ń wú tí ó sì ń sún.

Ìrókò dára, ṣùgbọ́n ìrókò tutù yóò ṣe bí igi tutù mìíràn. Pákó tí a rà lọ́wọ́ àwọn onípákó lásìkò òjò sábà máa ń ní omi nínú púpọ̀. Bí mo ṣe ń mọ̀ ni pé mo máa ń gé ègé kékeré kan lára rẹ̀, mo máa ń gbé e sórí òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìyẹ̀fun nílé ìdáná, mo sì máa ń kọ iye rẹ̀ sí ara rẹ̀ ní pẹ́ńsù. Ègé náà àti pákó yóò jọ wà níbì kan náà. Ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wọ̀n ọ́n, n kì í sì í fi ayùn kan pákó náà títí ègé yẹn yóò fi dẹ́kun láti máa fúyẹ́ sí i. Ẹ to pákó náà sórí búlọ́ọ̀kù, kí ó má fi ara kan ilẹ̀, kí ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, kí ẹ sì fi ọ̀dà kun orí àti ìdí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni omi ti ń tètè jáde, ibẹ̀ náà ni pákó sì ti ń kọ́kọ́ là.

Ní ti mímì, ẹ kọ́kọ́ gbé àpótí náà lọ sí orí ilẹ̀ mìíràn wò, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Bí ó bá ṣì ń mì, ẹ gbé e sórí tábìlì tí ó tẹ́jú, kí ẹ ki páálí sábẹ́ ẹsẹ̀ tí kò kanlẹ̀ títí yóò fi dúró jẹ́ẹ́. Ẹ gbé pẹ́ńsù lé igi pẹlẹbẹ kan, kí ẹ fi fa ìlà yí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká ní gíga kan náà, kí ẹ sì gé e níbi ìlà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yìí pátápátá lè ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí kì í mì níbi yòówù kí a gbé e sí. Ṣùgbọ́n fún ẹni ọgọ́rin ọdún, mo fara mọ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin, nítorí pé kò ní tètè dojú dé bí wọ́n bá fẹ̀gbẹ́ tì í.

Ìbéèrè: Ọ̀dà tí a fi kun ọkọ̀ ojú omi kéékèèké tí àwọn ọmọ gbẹ́ ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà.

Ìdáhùn: Ẹ kùn ún nípọn jù. Òkè rẹ̀ ti di awọ, inú rẹ̀ ṣì tutù. Bí ó bá ti hunjọ, ẹ ha á kúrò, kí ẹ sì tún un kùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó fi èkejì lé e. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì là á dípò tínà, nítorí pé yóò pẹ́ kí ó tó gbẹ. Inú ilé lábẹ́ fáànù ni kí ẹ gbé e sí.

Ìbéèrè: Ìyá wa, ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré kí a ṣe ọdún. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan fún bàbá rẹ̀. Òjò kò sì dá. Èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe, ife èèpo àgbọn, ń rùn, ìdí rẹ̀ sì ti já.

Ìdáhùn: Inú mi dùn sí ọmọ yẹn. Èèpo àgbọn náà ni kí ó tún lò, nítorí pé kò ní omi nínú bíi pákó tutù. Òórùn yẹn ń wá láti ara ẹran àgbọn tí a kò ha tán, tí òróró inú rẹ̀ sì ti kan. Ẹ fi ṣíbí irin ha inú rẹ̀ títí ẹ kò fi ní rí funfun kankan mọ́, lẹ́yìn náà kí òun fi sáńpépà tí ó le ha inú àti ẹ̀yìn, kí ó sì fi èyí tí ó kúnná parí rẹ̀. Ìdí já nítorí pé gọ́ọ̀mù kì í di ohun tí ó ń dán mú. Ẹ ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò tán, nítorí pé tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, ẹ fi sáńpépà ha ojú méjèèjì tí yóò pàdé kí ó rí jágajàga, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tuntun sí i, kí ẹ so ó pọ̀ mọ́ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà, kí ẹ sì gbé e sínú yàrá di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, kí ó tú rọ́bà náà, kí ó rẹ àkísà sínú òróró àgbọn díẹ̀, kí ó sì fi nu ẹ̀yìn rẹ̀ títí yóò fi ṣú, tí yóò sì máa dán. Ẹ sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe bu tíì gbígbóná sí i. Ẹ̀pà tàbí dàbínù ni kí wọ́n máa fi jẹ.