Ẹ má gbẹ́ fáǹdéṣọ̀n ná: bí a ṣe ń gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní abúlé

"Ilé abúlé wo ló ń gba approval?" Ọ̀rọ̀ tí bíríkìlà mi sọ nìyẹn lọ́jọ́ tí mo ní kó fi ṣọ́bìrì rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ó ti kọ́ ilé fún àìmọye èèyàn ní àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Abẹ́òkúta, ó ní ẹnì kan ò bi òun léèrè ìwé rí. N kò bá a jiyàn. A jọ gun ọ̀kadà lọ sójú ọ̀nà ọ̀dà, mo fi ilé kan hàn án tó ti dé líńtẹ̀lì kí ìjọba tó dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró. Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ X gàdàgbà sára ògiri rẹ̀, koríko ti hù nínú pálọ̀. Bíríkìlà mi wò ó títí, ó ní, "Ó dáa, ẹ lọ gba ìwé yín."

Òfin ètò ìlú tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1992 kò yọ abúlé sílẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ. Ní 2003, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dá a lẹ́jọ́ pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ètò ìlú wà. Ìdí nìyẹn tí iye owó, fọ́ọ̀mù àti iye ẹ̀dà ìwé tí wọ́n ń gbà ní Ọ̀yọ́ kì í fi í bá ti Ògùn tàbí Ọ̀ṣun mu. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ni èwo ló yẹ kó ṣáájú èwo. Ibẹ̀ lèmi náà ti ṣubú, màá sọ ọ́ tá a bá débẹ̀.

Ilẹ̀ ló kọ́kọ́

Kí ẹ tó ronú ọ́fíìsì kankan, ẹ lọ kí báálẹ̀. Kì í ṣe báálẹ̀ ló ń fọwọ́ sí plán, àmọ́ òun ló mọ ẹbí tó ni ilẹ̀, òun ló sì mọ ibi tí ìjà ilẹ̀ wà tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún yín.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí lẹ ń rà, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ọmọ onílẹ̀ kan ṣoṣo tó ń rẹ́rìn-ín sí yín. Òfin kò fi èyí pa mọ́: ọmọ ẹbí tó bá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ló tà, olórí ẹbí tó bá dá tà láìfi tó àwọn àgbà ẹbí létí, àwọn yòókù lè gba kóòtù lọ kí wọ́n wọ́gi lé e. Nítorí náà, olórí ẹbí àti àgbà láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí, ni kó fọwọ́ sí ìwé, kí ẹlẹ́rìí wà, kí lọ́yà sì wò ó. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ bàbá yín ni, ẹ ṣì nílò ìwé tí ẹbí fi yọ̀ǹda rẹ̀ fún yín. Ọ̀rọ̀ ẹnu bàbá kì í wọ fáìlì.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí ilẹ̀ náà ká pẹ̀lú àwọn tẹ́ ẹ jọ pààlà. Pérégún ni wọ́n fi ṣe ààlà ilẹ̀ tèmi. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá kan na ọ̀pá sí pérégún kan, ó ní ibẹ̀ ni. Ìyá tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní rárá o, ẹnì kan ló hú u tó tún un gbìn, pé ti tẹ́lẹ̀ ku ẹsẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. A gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ díẹ̀, a sì rí gbòǹgbò àtijọ́ níbi tí ìyá wí. Àárọ̀ la débẹ̀, ọ̀sán ti pọ́n ká tó fẹnu kò, obì àti ọtí ló parí rẹ̀. Bí mo bá ti dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, inú oko ìyá yẹn ni ògiri mi ì bá wà.

Sọ́fè

Sọ́féyọ̀ tó ní ìwé ẹ̀rí ìjọba ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe ọmọ tó ń bá a gbé ẹ̀rọ. Ẹ ní kó kọ́kọ́ mú àmì ilẹ̀ náà, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ ibi tó wà, lọ yẹ̀ wò lórí máàpù ní ọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀, kó tó ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ kékeré yìí ló ń sọ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń ra ilẹ̀ ní àwọn abúlé tí Circular Road ìlú Ìbàdàn gbà kọjá mọ ohun tí mò ń sọ: ilẹ̀ lè wà ní igbó kìjikìji, kí ẹ̀gẹ́ wà lórí rẹ̀, kó sì jẹ́ ti ìjọba lórí máàpù. Kò sí ọ́fíìsì tó máa fún yín láṣẹ láti kọ́lé síbẹ̀.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, sọ́féyọ̀ á ri òkúta sí igun rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òkúta kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó bá ti inú ìwé mu. Kó sì rí i pé ẹ̀dà kan wọ àkọsílẹ̀ ìjọba. Sọ́fè tó wà nínú àpò yín nìkan kò tó.

Ẹ lọ sí Town Planning kẹ́ ẹ tó ya plán

Èmi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rí plán kan tó wù mí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, fúláàtì yàrá mẹ́rin, mo ní kí ayàwòrán kan tún un yà fún mi, mo sanwó. Pulọ́ọ̀tì mi jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, ìyẹn bíi mítà 18 sí 36. Fífẹ̀ ilé náà jẹ́ mítà 15. Mo gbé e dé ọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ tó gbà á fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan péré, ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ fi àyè sí?" Mítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, mítà 3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ó ku 12. Mo tún plán yà, mo tún san owó. Ayàwòrán náà kò jẹ̀bi. Kò fojú rí ilẹ̀ náà rí.

Nítorí náà, ẹ mú ẹ̀dà sọ́fè dání, ẹ lọ sí ọ́fíìsì Town Planning tó ń mójú tó àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀ yín, kẹ́ ẹ béèrè àyè tó yẹ kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè nípa odò tàbí ọ̀nà tó bá wà nítòsí. Ẹ gbójú sókè náà: tí wáyà iná ńlá ti 330kV bá kọjá, mítà 25 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan láti àárín rẹ̀ kò ṣeé kọ́lé sí, ti 132kV jẹ́ mítà 15. Àwọn ilẹ̀ kan wà ní abúlé tó jẹ́ pé abẹ́ wáyà yìí ni wọ́n wà.

Plán àti fáìlì

Tó bá jẹ́ ilé ilẹ̀ẹ́lẹ̀, àwòrán ilé pẹ̀lú àwòrán bó ṣe jókòó sórí ilẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ máa nílò àwòrán irin àti kọnkéré láti ọwọ́ ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà. Ayàwòrán ilé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ARCON, àjọ tó ń mójú tó iṣẹ́ ayàwòrán ilé, ni kó fi òǹtẹ̀ lu àwòrán ilé. Níbi tí wọ́n bá ti béèrè ìròyìn nípa ilẹ̀, onímọ̀ ètò ìlú tó ní òǹtẹ̀ TOPREC, àjọ tó ń forúkọ wọn sílẹ̀, ló ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí plán jọ ilé abúlé. Àwa tá a dàgbà síbẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀yìnkùlé la ti ń dáná, pé adìẹ máa wà, pé kànga máa wà. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sínú àwòrán báyìí. Ní ti kànga àti sòkàwéè, mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìlera sábà máa ń fẹ́ láàárín wọn, ó sì ṣòro lórí pulọ́ọ̀tì kan. Ẹ fi ọ̀kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, kẹ́ ẹ tún wo ibi tí aládùúgbò gbẹ́ tirẹ̀ sí.

Ohun tí wọ́n sábà ń kó sínú fáìlì ni fọ́ọ̀mù, ẹ̀dà plán tí iye rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ́fíìsì, sọ́fè, ìwé ilẹ̀ tàbí rìsíìtì, àti ìwé owó orí ọdún 3. Ìwé owó orí yìí ló ń dá àgbẹ̀ àti oníṣòwò dúró jù, torí wọn kì í ní i nílé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá pe sọ́féyọ̀.

Ọjọ́ àbẹ̀wò

Wọ́n máa wá wo ilẹ̀. Ẹ ṣán igbó ṣáájú, kẹ́ ẹ fi ọ̀pá tó ní aṣọ pupa sídìí òkúta kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ tó bá wá igbó kiri títí tí kò rí òkúta, "mi ò rí i" ló máa kọ sílẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ wà níbẹ̀, kì í ṣe bíríkìlà.

Wọ́n á fún yín ní iye owó tó yẹ kẹ́ ẹ san, bí ilé ṣe tóbi sí. Àkáǹtì ìjọba ni kó wọ̀, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gbé e fún òun kó lè yára, ẹ sọ fún un pé ẹ ò kánjú. Tí wọ́n bá kọ lẹ́tà pé àtúnṣe wà, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ dá a padà. Kì í ṣe pé wọ́n kọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́lẹ̀ ná ní gbogbo àkókò yìí.

Tí ìwé bá jáde, ẹ ṣí ojú ewé kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ wo òǹtẹ̀ lára rẹ̀. Òfin 1992 fún un ní ọdún 2 láti fi ṣiṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù kún iwájú ilé nígbà tó bá yá, ẹ padà lọ sọ fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín: ìwé yìí fún yín láṣẹ láti kọ́lé, kò sọ yín di onílẹ̀. Ìwé ilẹ̀ lọ́tọ̀.

Bíríkìlà mi fi ọ̀rá wé ẹ̀dà plán tiwa, ó so ó mọ́ igi ọ̀pẹ tó wà ní igun ilẹ̀. Nígbà tí àwọn Town Planning tún gba ibẹ̀ kọjá, ó ti tú u kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.