Bí A Ṣe Ń Gbin Koríko Ẹran Sábẹ́ Igi Tí Ajílẹ̀ Kò Fi Ní Ṣòfò

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sin àgùntàn àti ewúrẹ́ ní Kuje, Gwagwalada àti Kwali ló ní máńgòrò tàbí kajú lórí ilẹ̀ wọn, tí abẹ́ igi náà sì wà lásán. Koríko ẹran lè ṣe dáadáa níbẹ̀. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni pé bí koríko bá ti ń rí tẹ́ẹ́rẹ́, ajílẹ̀ ni wọ́n máa sáré lọ rà, nígbà tó jẹ́ pé oòrùn ló ń wá. Yùríà ò lè ṣe iṣẹ́ oòrùn.

Nítorí náà, àdá la fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ gé àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ títí dé mítà 2 sí 3 sókè, kí ẹ sì dín ẹ̀ka tó há mọ́ra láàárín igi kù. Ti máńgòrò àti kajú, ẹ kórè tán ná; dóńgóyárò ò ní wàhálà, ẹ gé e lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì funfun sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Bí oòrùn bá kan ìdajì rẹ̀, ó ti tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣú, ẹ tún padà sórí igi. Lápá Kano àti Jigawa, orí ire ni ti ẹni tó ní igi gawo lóko: ìgbà òjò ló ń wọ́wé, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń rúwé, oòrùn á sì máa dé ilẹ̀ lásìkò tí koríko ń dàgbà gan-an.

Gínì gíráàsì ni kí ẹ gbìn. Ó fara da ìbòòji ju eèsún lọ; eèsún abẹ́ igi á kàn ga fíofío ni, kò ní pa ọmọ púpọ̀. Koríko tí wọ́n ń pè ní Brachiaria náà ṣe é gbìn. Bí ẹ ò bá rí irúgbìn tó dáa, ẹ béèrè ní NAPRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà ní Shika nítòsí Zaria.

Ní Abuja, ìparí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà ló dára láti gbìn, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Ẹ wú ìdí koríko tó ti gbó, ẹ pín in sí ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin, kí ẹ gé ewé rẹ̀ kù sí sẹ̀ǹtímítà 20. Ẹ fi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀ yí ìdí igi ká, torí gbòǹgbò igi ni yóò jẹ ohun tí ẹ bá gbìn síbẹ̀. Àlàfo 50 sẹ̀ǹtímítà ni kí ó wà láàárín kòtò kan sí ìkejì. Ilẹ̀ mítà 10 ní mítà 10 á gba kòtò 400.

Fún ilẹ̀ tó tó bẹ́ẹ̀ yẹn, ẹ da àpò ìgbẹ́ adìyẹ 2 tó ti jẹrà pọ̀ mọ́ ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn. Èyí tó ṣì tutù á jó gbòǹgbò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fi ajílẹ̀ NPK 15-15-15 kílò 2 sí i. Láti ìgbà náà lọ, yùríà ìdajì kílò péré ni, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ bá gé koríko. Kílò kan ni à bá lò ní gbangba. Ẹ fi ọkọ́ fa ìlà tín-ín-rín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí koríko, ẹ da á sí i, ẹ bò ó. Èyí tí ẹ bá dà sórí ewé máńgòrò tó ti gbẹ, afẹ́fẹ́ ló máa gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ. Ìrì abẹ́ igi kì í tètè gbẹ, ó lè tó aago mẹ́wàá àárọ̀. Yùríà tó bá lẹ̀ mọ́ ewé tútù á jó o, ẹ ó sì rí àmì pupa-rúsúrúsú lẹ́nu ewé lọ́jọ́ kejì. Ẹ dúró kí ewé gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí ó pé ọ̀sẹ̀ 10 kí ẹ tó kọ́kọ́ gé e, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ má gé e wọlẹ̀. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 20 sílẹ̀.

Ìdí pàtàkì wà fún ìyẹn. Bí yùríà bá pọ̀ tí oòrùn ò sì tó, koríko ò ní lè sọ nitrate (èròjà tí yùríà ń dà nínú ilẹ̀) tó fà mu di ara rẹ̀, á wá kó o jọ sí ìsàlẹ̀ pòròpórò rẹ̀. Ẹran tó bá jẹ ẹ́ yó lórí ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, èrìgì rẹ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì rí bíi ṣokoléètì. Dókítà ẹran ni kí ẹ pè kíá. Abẹ́rẹ́ methylene blue ló ń gbà á là. Sísá koríko sóòrùn kì í lé nitrate yìí lọ, ọ̀pọ̀ ló sì rò pé ó ń lé e. Ẹ má gé koríko kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé lẹ́yìn yùríà, ẹ sún un síwájú bí ojú ọjọ́ bá ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì fún ẹran ní harawa (ewé ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà gbígbẹ) díẹ̀ kí koríko tútù tó kàn án.

Bí koríko bá ga, tí ó rọ̀, tí ó ń ṣubú, ẹ̀ka ni kí ẹ gé, kì í ṣe ajílẹ̀ ni kí ẹ fi kún un. Bí ewé bá di àwọ̀ ìyeyè níbi tí oòrùn ń dé, ebi yùríà ló ń pa á nìyẹn. Oṣù Kẹsàn-án ni yùríà ìkẹyìn. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa gbá ewé máńgòrò kúrò lórí rẹ̀, torí bí ó bá bò ó mọ́lẹ̀, ìdí koríko á kú kí òjò tó padà.