Bí A Ṣe Ń Lu Orúnkún Kí Ẹsẹ̀ Fò

Lọ́dọọdún, bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ iṣan nínú kíláàsì báyọ́lọ́jì mi ní Kàbà, a máa ń lu orúnkún. Lọ́dọọdún náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń pariwo pé, "Tíṣà, tèmi ò fò o!" Orúnkún ò jẹ̀bi. Ẹni tó ń lù ú ni kò mọ ibi tí yóò lù, ẹsẹ̀ tí ó ń lù kò sì tíì sinmi.

Àwọn dókítà ní òòlù rọ́bà fún iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n mi ò rà á rí. Mo gé tíúbù ọ̀kadà tó ti bẹ́, mo wé e mọ́ orí igi kan tó gùn tó ṣíbí ọbẹ̀, mo sì dè é pinpin. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tó. Ẹ má fi nǹkan líle lù ú. Mo ti rí ọmọ tó fi ẹsẹ̀ àga lu ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni onítọ̀hún fi tiro.

Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fẹ́ lu orúnkún rẹ̀ jókòó sórí tábìlì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa fì láìkan ilẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò wá egungun ribiti tó wà lójú orúnkún, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Okùn líle kan wà níbẹ̀ tó ń rọ̀ díẹ̀ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tó kan egungun ojúgun. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Bí ẹ bá lu egungun, ìrora nìkan ni ẹ ó rí.

Ìnira ibẹ̀ wá dé wàyí. Ẹni tó ń wo ọwọ́ yín ti ń dúró de ìlù, itan rẹ̀ á sì ti le. Ẹ gbé ọwọ́ òsì lé itan náà. Bí ó bá le bí iṣu tí kò jiná, ẹ má tíì lù ú. Ẹ má sọ pé "dẹ ara rẹ sílẹ̀", torí ńṣe ni ọ̀rọ̀ yẹn máa ń mú kí ara túbọ̀ le. Ẹ má sì ka ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Èmi máa ń kí i pé "Ọ̀kún o", n ó bi í pé ọbẹ̀ wo ni ìyá rẹ̀ sè lánàá, n ó sì jẹ́ kí ó ṣàlàyé dé orí ẹran.

Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí ẹ sì fi í sílẹ̀ lójijì. Bí ó bá dúró lófuurufú, kò tíì rọ̀. Bí ó bá já bọ́ bí apá ọmọ tó sùn, ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan, kíá, láti ọrùn ọwọ́.

Ìlù yẹn fa okùn náà, okùn náà sì fa ẹran itan. Inú ẹran náà ni àwọn fọ́nrán tíntìntín wà tó ń mọ bí ó ti nà tó. Wọ́n ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, níbi tí àwọn dókítà ń pè ní L2 sí L4, tààrà sọ́dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní motor neuron, láìsí alárinà. Motor neuron á pàṣẹ padà pé kí ẹran súnkì, ẹsẹ̀ á sì fò. Àṣẹ náà á ti dé itan kí ìdá kan nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ọpọlọ ń gbọ́. Ní ọdún 1875, dókítà méjì, Erb àti Westphal, kọ̀wé nípa ìfò ẹsẹ̀ yìí ní Jámánì, kálukú lọ́tọ̀.

Bí ó bá fò díẹ̀ péré, kí ó fi ìka kọ́ ìka, kí ó sì fà wọ́n bí ẹni fẹ́ já wọn gẹ́lẹ́ kí ẹ tó lù ú. Dókítà Jendrassik ará Hungary ló fi ọgbọ́n yìí hàn ní 1885. Bí ó bá ti ń fà á tipẹ́tipẹ́, agbára rẹ̀ á ti dínkù.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ó fi ẹsẹ̀ ti àtẹ́lẹwọ́ yín, fẹ́ẹ́ bí ẹni ti kọ́tìnnì. Ẹran itan ti ń súnkì díẹ̀ nìyẹn, àwọn motor neuron ti jí, wọ́n dà bí ọmọ tó ti tẹ̀ síwájú de fèrè eré ìje. Ìlù kan náà á wá mú kí ẹsẹ̀ fò jù ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi gbogbo agbára tì í, ẹran ẹ̀yìn itan náà á le, orúnkún á sì há.

Ohun tí èyí wúlò fún wà lórí òkè tó yí Kàbà ká. Ìyá kan ru agbọ̀n iṣu sọ̀kalẹ̀, òkúta yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, orúnkún fẹ́ wó. Itan rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, bó ti nà lójijì, motor neuron fi agbára kún un kí ìyá tó ké "Yéè!" Motor neuron mìíràn sì ń fa àwọn fọ́nrán tíntìntín náà le bí ẹran bá ti ń súnkì, kí wọ́n má bàa rọ̀ bí okùn aṣọ tó ti tú.

Ẹ lu ọ̀tún àti òsì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ọ̀kan bá ń fò dáadáa tí èkejì kò mira rárá, kí ó lọ rí dókítà. Bí méjèèjì bá dákẹ́ lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ padà sórí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ àná.