Irúgbìn Tí Wọ́n Fi Ń Ṣe Oògùn: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé

Àgbẹ̀ tí wọ́n wá bá pé kó gbin irúgbìn tí wọ́n máa fi ṣe oògùn la kọ ìwé yìí fún, àti ará ilé tó ń gbé nítòsí irú oko bẹ́ẹ̀ tàbí tí dókítà kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún. Ohun kan ló jẹ wá lógún jù: irúgbìn oògùn kò gbọ́dọ̀ bá oúnjẹ pàdé, ì báà jẹ́ nínú oko, nínú àpò, lẹ́nu ẹ̀rọ tàbí nínú ìkòkò.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an?

Oríṣiríṣi purotéènì ni ara èèyàn ń pèsè. Òmíràn ń bá àrùn jà, òmíràn ń fọ́ ọ̀rá tó ti gbó sí wẹ́wẹ́ kí ara lè dà á nù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá lè ṣe ọ̀kan nínú wọn bó ṣe yẹ lè ṣàìsàn títí ayé, àyàfi tí wọ́n bá ń fún un níta. Inú apilẹ̀ àbùdá ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe purotéènì kọ̀ọ̀kan wà, ìlànà yẹn sì yé sẹ́ẹ̀lì ewéko bó ṣe yé sẹ́ẹ̀lì èèyàn. Bí wọ́n bá fi apilẹ̀ àbùdá èèyàn kan sínú ewéko, ewéko náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì èèyàn. Lọ́dún 1989, àwọn onímọ̀ jábọ̀ pé tábà ti ṣe èròjà tí ń gbógun ti àrùn. Lọ́dún 1990, tábà àti pòtétò ṣe albumin, purotéènì tó pọ̀ jù nínú omi ara ẹ̀jẹ̀ èèyàn.

Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Agrobacterium ni wọ́n sábà máa ń rán níṣẹ́. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì ti mọ́ ọn lára láti máa ti díẹ̀ lára apilẹ̀ àbùdá tiẹ̀ bọ inú ewéko tó bá ní egbò. Àwọn onímọ̀ yọ èyí tó ń dá àrùn sílẹ̀ kúrò, wọ́n sì fi èyí tí wọ́n fẹ́ sípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é pẹ̀lú irú tábà kan tí wọ́n ń pè ní Nicotiana benthamiana. Inú ilé tí wọ́n tì pa ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí ewé rẹ̀ á fi tẹ́ dáadáa. Inú ẹ̀rọ kan ni wọ́n á ti wá dorí rẹ̀ kodò sínú omi tí bakitéríà náà kún inú rẹ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà pa, wọ́n á sì fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ náà jáde. Afẹ́fẹ́ tó wà nínú ewé á máa hó jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ padà wọlé, omi á rọ́ wọ gbogbo àyè tó ṣófo nínú ewé, ewé á sì ṣókùnkùn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á gé ewé náà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì yọ purotéènì náà kúrò nínú gbogbo nǹkan mìíràn tó wà nínú omi ewé. Yíyọ yìí ló ń gba owó jù. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oògùn máa pọ̀ yanturu lówó pọ́ọ́kú kìkì nítorí pé ewé kì í wọ́n, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Síbẹ̀, èrè ibẹ̀ pọ̀. Fáírọ́ọ̀sì tó ń ran èèyàn àti ẹran kì í lè pọ̀ sí i nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko. Lọ́dún 2009, fáírọ́ọ̀sì wọ inú ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà tó ń fi sẹ́ẹ̀lì ẹranko ṣe oògùn àrùn Gaucher, iṣẹ́ dúró, oògùn sì wọ́n àwọn aláìsàn. Nínú àrùn yìí, ọ̀rá máa ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti egungun nítorí pé èròjà tó yẹ kó fọ́ ọ kò tó. Lọ́dún 2012, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Elelyso, oògùn àrùn Gaucher tí ilé iṣẹ́ Protalix ní Ísírẹ́lì ń fi sẹ́ẹ̀lì kárọ́ọ̀tì ṣe. Wọn kì í gbin kárọ́ọ̀tì yẹn sílẹ̀ rárá: inú àpò oníke ńlá tí omi oúnjẹ wà ni sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Tèmi ni pé irú ọ̀nà tí wọ́n tì pa báyìí, tàbí tábà tí ẹnikẹ́ni kì í jẹ, sàn ju àgbàdo oògùn tó dúró síta gbangba lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nebraska

Ilé iṣẹ́ ProdiGene gbin àgbàdo oògùn sí oko kan ní Nebraska, ní Amẹ́ríkà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, 2002, sóyà ni wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ kan náà, àmọ́ hóró àgbàdo tó já sílẹ̀ nígbà ìkórè lalẹ̀ hù láàárín rẹ̀. Àwọn olùbẹ̀wò ìjọba rí i, wọ́n ní kí wọ́n fà á tu. Kí wọ́n tó fà á tu, wọ́n ti kórè sóyà náà, wọ́n sì ti dà á mọ́ ti àwọn àgbẹ̀ mìíràn. Sóyà bíi 500,000 búṣẹ́ẹ̀lì (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkà ní Amẹ́ríkà) ni wọ́n dá dúró, tí wọ́n sì pa run. Ìjọba ní kí ilé iṣẹ́ náà san 250,000 dọ́là owó ìtanràn, yàtọ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là tó bá ìpalẹ̀mọ́ lọ. Lọ́dún kan náà, wọ́n jó 155 éékà àgbàdo ní Iowa, ní Amẹ́ríkà bákan náà, torí ìbẹ̀rù pé lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo oògùn ti lè dé ara rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọwọ́ ìkórè ló tàn án kálẹ̀ ní Nebraska, kì í ṣe afẹ́fẹ́. Àgbẹ̀ tó ń wo afẹ́fẹ́ nìkan kò tíì wo ibi tí ewu wà.

Lọ́dún 2003, ìjọba Amẹ́ríkà mú òfin le. Àgbàdo oògùn tí afẹ́fẹ́ ń gbé lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà tó máìlì 1 sí àgbàdo mìíràn. Wọ́n gbọ́dọ̀ fi 50 ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ sílẹ̀ láìgbin nǹkan kan yí oko náà ká, ẹ̀rọ ìgbìn àti ẹ̀rọ ìkórè rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lóko mìíràn.

Bí wọ́n bá wá bá yín pé kí ẹ gbìn ín

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ ìjọba, kí orúkọ irúgbìn náà àti ilẹ̀ yín sì wà nínú rẹ̀. Bí wọn kò bá lè fi hàn yín, ẹ má gba hóró kan lọ́wọ́ wọn. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó máa sanwó bí ó bá dà pọ̀ mọ́ oúnjẹ aládùúgbò, àti ẹni tó máa ṣọ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè. Ẹ tún jẹ́ kó sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ilé iṣẹ́ náà bá kógbá wọlé. Èyí kì í ṣe àròsọ: ní February 2022, Kánádà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára Kòrónà tí Medicago fi tábà ṣe, síbẹ̀ lọ́dún 2023 wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa.

Ẹ sọ fún àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà kí ẹ tó gbìn. Àpò, ọkọ̀ àti ibi ìkó-nǹkan-pamọ́ irúgbìn oògùn gbọ́dọ̀ dá wà, kí wọ́n sì ní àmì. Ẹ má fi pòròpórò tàbí ewé rẹ̀ bọ́ ẹran. Lẹ́yìn ìkórè, ẹ máa wo ilẹ̀ náà léraléra títí di sáà tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fa èyíkéyìí tó bá lalẹ̀ hù tu kó tó yọ òdòdó. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fà á tu sílẹ̀.

Fún ará ilé

Irúgbìn oògùn yàtọ̀ sí àgbàdo tí wọ́n tún apilẹ̀ àbùdá rẹ̀ ṣe kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Wọ́n yẹ ìyẹn wò kí wọ́n tó gbà pé ó ṣeé jẹ. Wọn kò gbin irúgbìn oògùn fún jíjẹ, bó tilẹ̀ jọ àgbàdo ilé. Ẹ má sè é, ẹ má sun ún, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé já a.

Ẹ má gbà pé bí èèyàn bá jẹ ewé tàbí hóró rẹ̀, oògùn ló jẹ. Ìwọ̀n purotéènì inú ewé kan lè yàtọ̀ sí ti òmíràn, inú èèyàn sì máa ń da ọ̀pọ̀ purotéènì kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa Elelyso sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Ẹni tó bá ń ta hóró tàbí àgúnmu, tó ní ó ní purotéènì èèyàn tó ń wo àrùn sàn, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí dókítà bá kọ oògùn tí wọ́n fi ewéko ṣe fún yín, tí kárọ́ọ̀tì tàbí ewéko mìíràn sì máa ń bá ara yín jà, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ó bá dà sílẹ̀

Ẹ dúró lójú kan, ẹ má jẹ́ kí adìyẹ, ewúrẹ́ tàbí ọmọdé débẹ̀. Ẹ ṣa gbogbo hóró tí ẹ bá rí sínú àpò tó lámì, ẹ di ẹnu rẹ̀, ẹ má dà á sórí ààtàn. Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ni irúgbìn náà àti ilé iṣẹ́ ìjọba tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ wọn lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ẹ bá rò pé ẹ ti ṣà á tán. Ẹ sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́.