Ìrírí mi: bí mo ṣe kọ ìtàn Willie O'Ree, eléré hóìkì orí yìnyín

Fredericton ní Kánádà ni wọ́n bí Willie O'Ree sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 1935. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó gbá hóìkì nínú NHL, líìgì hóìkì tó ga jù ní Àríwá Amẹ́ríkà: ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 1958, ẹgbẹ́ rẹ̀, Boston Bruins, lọ bá Canadiens ní Montreal, Bruins sì nà wọ́n ní 3 sí 0.

Mo kọ́kọ́ mú tábìlì iye góòlù rẹ̀. Sáà kan máa ń ti inú ọdún kan bọ́ sínú òmíràn, nítorí náà sáà kan ṣoṣo ni 1960–61. Ní 1957–58, eré 2 ló gbá, kò jẹ góòlù kankan. Ní 1960–61, eré 43, góòlù 4, ó sì lọ́wọ́ nínú góòlù 10 táwọn ẹlòmíràn jẹ. Wọ́n wá kọ 14 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àpapọ̀ 4 àti 10 ni 14 yẹn; ẹni tó bá tún rò ó mọ́ ọn ti ba ìṣirò jẹ́. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1961 ló jẹ góòlù àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ ló gbà mí lákòókò jù. Ní sáà 1955–56, pọ́ọ̀kì bà á lójú ọ̀tún, ojú náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Rọ́bà líle tí wọ́n ń gbá bíi bọ́ọ̀lù ni pọ́ọ̀kì, ó nípọn tó ínǹṣì 1, ó fẹ̀ tó ínǹṣì 3. O'Ree fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, torí òfin NHL kò gba ẹni tó fọ́ lójú kan láàyè.

Kí n lè ṣàlàyé ohun tí èyí ṣe sí eré rẹ̀, mo ya pápá náà sórí bébà: ẹsẹ̀ bàtà 200 ní gígùn, 85 ní fífẹ̀. Mo fi àmì sí apá òsì, ibi tó ti ń gbá, mo sì kọjú ọfà sí góòlù àwọn ọ̀tá. Kíá ló hàn: àárín pápá bọ́ sí ọ̀tún rẹ̀. Láti àárín ni wọ́n ti sábà máa ń ta pọ́ọ̀kì sí i, ojú tí kò ríran ló sì kọ síbẹ̀. Àfi kó yí ọrùn kọjá èjìká ọ̀tún kí ojú òsì tó lè rí i.

Nígbà tó kúrò ní NHL tó wá ń gbá ní líìgì mìíràn ní Los Angeles, kóòṣì gbé e lọ sí apá ọ̀tún. Àárín pápá wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ojú tó ríran. Ohun kan ṣì le: ọwọ́ òsì ló ń gbá, nítorí náà ẹ̀yìn igi ló fi ń gba pọ́ọ̀kì níbẹ̀. Ó kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n. Góòlù 38 ló jẹ ní 1964–65, kò sẹ́ni tó jù ú lọ ní líìgì náà. Ó tún jẹ 38 ní 1968–69 fún San Diego. Lójú tèmi, ibí ni ògo eré rẹ̀ wà. Ẹni tó bá kọ eré 45 ti NHL nìkan ti rẹ́ ẹ jẹ.

WHL (Western Hockey League) ni wọ́n ń pe líìgì yẹn, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti lè ṣàṣìṣe. WHL ìgbà náà, táwọn àgbà ti ń gbowó oṣù, kógbá sílé ní 1974. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń gbá èyí tó ń jẹ́ orúkọ náà lónìí. Bí o bá so orúkọ náà mọ́ ojú ìwé líìgì tòde òní, o ti sọ ọkùnrin tó lé lọ́gbọ̀n ọdún di ọmọdé.

Ọdún 1979 ló fi igi sílẹ̀. Nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ Hockey Hall of Fame, ilé ìyẹ́sí àwọn akọni hóìkì, tó wọ̀ ní 2018, mo kọ ọ́ sábẹ́ àwọn tó kọ́ eré náà dàgbà, kì í ṣe sábẹ́ eléré, torí iṣẹ́ tó ṣe láàárín àwọn ọmọdé láti 1998 wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á wọlé.